Ilẹ̀ dúdú inú àpò: ó dára nínú ìkòkò, ẹ má dà á sínú tíréè irúgbìn

Ilẹ̀ dúdú tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì máa ń po mọ́ ìgbẹ́ màlúù, ilẹ̀ gidi ni. Ó fúyẹ́, kì í dì gbagidi, ata tó ti lé ewé mẹ́rin á sì gbádùn rẹ̀ nínú ìkòkò. Àmọ́ ẹni tó bá fi gbin irúgbìn nínú tíréè ra wàhálà, torí hóró koríko kún inú rẹ̀.

Ata rodo lè lo ọjọ́ 7 sí 14 kó tó yọjú. Koríko bíi pápásan, gbági àti tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fà wọ́n tu, ata kéékèèké tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì mú ilẹ̀ á bá wọn jáde. Sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi gé wọn nídìí. Ti ẹni tó gbin tẹ̀tẹ̀ jíjẹ ló burú jù, torí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún jọ ọ́ gan-an títí ẹ̀gún á fi yọ níbi tí ewé ti so mọ́ igi. Ẹ gbin irúgbìn ní ìlà tààrà. Ohun tó bá hù láàárín ìlà kan sí èkejì, koríko ni.

Òkè ilẹ̀ ni hóró koríko pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń tà á sì ti ń wa ilẹ̀. Màlúù tó jẹko á tún yàgbẹ́ hóró mìíràn jáde láàyè. Bí òkìtì ìgbẹ́ kò bá gbóná tó 55°C fún ọjọ́ mélòó kan, púpọ̀ nínú wọn kò ní kú. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì kì í sì gbóná bí àárín, àfi kí wọ́n máa yí i padà.

Ẹ ra àpò kan péré ná. Ẹ tẹ́ díẹ̀ sínú abọ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gbé e sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì láìgbin nǹkan kan. Bí koríko bá bò ó, ẹ dúró de ẹ̀ẹ̀rùn: ẹ rin ilẹ̀ náà, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ fi ilẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ọ̀rá dúdú kì í mú ilẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀, oòrùn inú oṣù Keje kò sì tó.

Ẹni tí kò lè dúró, kó ra bíríkì cocopeat (èérún èèpo àgbọn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀) kan tó wọn gíráàmù 650. Omi lítà 4 á sọ ọ́ di nǹkan bíi lítà 8. Ẹ fi omi ṣàn án dáadáa kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè lọ. Koríko kì í sábà hù níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀, torí náà bí ewé gidi méjì bá ti yọ tẹ̀lé ewé méjì tó kọ́kọ́ jáde, ẹ ṣí ata náà lọ sínú ilẹ̀ àpò yẹn.