Pátákó ìdí ọkọ̀ fáíbà tó ti jẹrà: plywood, pátákó fóòmù, tàbí àdàlù tí à ń dà sínú?

Ìdí ọkọ̀ fáíbà ni gbogbo iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ti ń bọ́ sára ọkọ̀. Pátákó tó wà níbẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní transom, ló gbé ẹ́ńjìnnì dúró. Òun náà ni ẹ́ńjìnnì fi ń ti ọkọ̀ síwájú, òun ló sì ń jìyà nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá fò lórí ìgbì tó sì já lulẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, plywood méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 3/4 íǹṣì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tó wá nípọn tó nǹkan bí íǹṣì kan àbọ̀, kí wọ́n tó fi fáíbà bò ó nínú àti lóde. Tí omi bá rí ojú ihò kan wọlé, igi inú á máa rà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ara fáíbà ṣì ń dán gbinrin lóde. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Badagry àti Ìgbọ́kọ̀dá ló ń gbé èrò. Ẹ̀mí èèyàn ló rọ̀ mọ́ pátákó yìí, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí ẹ máa rà láti tún un ṣe.

Kí ẹ tó gbé owó jáde

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìjẹrà náà dé. Ẹ fi òòlù kékeré kan pátákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: igi tó le á dún kó-kó, èyí tó ti rà á dún bọ̀-bọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń lu páálí. Kí ẹnì kan fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn sì máa wo ìdí ọkọ̀. Tí pátákó bá ń mì, tàbí tí omi aláwọ̀ ilẹ̀ ń sun láti ojú bóòtù tó di ẹ́ńjìnnì mú, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Wáṣà tó ti rì sínú fáíbà, àti ojú tó ń sán ní igun méjèèjì òkè, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Tí iyè méjì bá ṣì wà, ẹ lu ihò kékeré láti inú ọkọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ wo èérún igi tí dírílì gbé jáde. Èyí tó gbẹ tó sì funfun dára. Èyí tó dúdú, tó tutù, tó ń rùn, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ẹ tún wo àwọn igi gbọọrọ tó na gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lọ síwájú. Ìjẹrà kì í dúró sójú kan. Ó sábà máa ń ti ìdí wọnú wọn. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, tí olówó rẹ̀ sì ń sọ pé ìdí nìkan ló nílò àtúnṣe, ibẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó dá iye lé e.

Plywood

Òun ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ni wọ́n sì fi ń rẹ́ oníbàárà jẹ jù. Bí ẹ bá béèrè marine board ní ọjà pákó l'Ékòó, pátákó tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣe dẹ́kìnì ni wọ́n á gbé wá, èyí tó ní awọ dúdú tàbí pupa tó ń dán. Wọ́n fi awọ yẹn bò ó kí kọnkéré má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Resin, ìyẹn oje tí wọ́n fi ń so okùn fáíbà pọ̀ tó sì ń le, náà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ tilẹ̀ fi gíráńdà họ awọ náà kúrò, àlàfo lè wà láàárín ìpele igi rẹ̀, ibẹ̀ sì ni omi máa ń fara pamọ́ sí. Èmi kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi í gbé ẹ́ńjìnnì.

Èyí tí ẹ ń wá ni plywood tó bá ìlànà BS 1088 mu. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni: gọ́ọ̀mù rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fara da omi gbígbóná, àárín rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ní àlàfo ńlá. Igi okoume láti Gabon ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Òǹtẹ̀ ara pátákó kò tó, torí ẹnikẹ́ni lè tẹ òǹtẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gé etí rẹ̀ lójú yín, kí ẹ wo bóyá àwọn ìpele náà ṣe déédéé láìsí ihò. Ẹ mú ègé kékeré lọ sílé, kí ẹ sè é nínú omi gbígbóná fún wákàtí mélòó kan. Tí ìpele kan bá ṣí kúrò lára èkejì, ẹ má rà á.

Ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé BS 1088 kò ní kí igi má rà. Okoume fúyẹ́, resin sì máa ń wọ̀ ọ́ lára dáadáa, ṣùgbọ́n kò lágbára kankan láti kọ ìjẹrà. Bí omi bá dúró sí i lára, á rà kíákíá. Ohun tó ń pa á mọ́ ni resin tí ẹ fi bò ó yíká, pàápàá ní etí àti nínú gbogbo ihò.

Àwọn káfíńtà kan á ní kí ẹ fi pákó ìrókò tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀ gidi ṣe é, torí pé igi líle ni. Igi líle ni lóòótọ́, ó sì dára fún ọkọ̀ onípákó. Ṣùgbọ́n odindi pákó máa ń wú, ó sì máa ń sún kì ní ìbú rẹ̀ bí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ bá ṣe ń yípadà, fáíbà tó wà lára rẹ̀ kò sì lè bá a wú. Ó máa ń já kúrò lára igi ni. Plywood kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìpele rẹ̀ dábùú ara wọn.

Pátákó fóòmù

Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù ni Coosa, tí wọ́n ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà: fóòmù polyurethane tó le, tí wọ́n fi okùn fáíbà sí nínú. Kì í rà, torí kò sí igi nínú rẹ̀. Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tí wọ́n ń lò fún ìdí ọkọ̀ ni Bluewater 26, nọ́ńbà 26 yẹn sì ni ìwúwo rẹ̀ ní pọ́n-ùn fún ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì kan. Tí ẹ bá gbọ́ pé ó fúyẹ́ gan-an ju igi lọ, ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Pátákó ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ tó nípọn 3/4 íǹṣì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì méjì, ìyẹn pọ́n-ùn 52. Okoume tó tóbi bákan náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo jù ú lọ. Plywood líle mìíràn nìkan ló máa ń wúwo jù ú lọ dáadáa. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ rà á nítorí pé kì í jẹrà, kì í ṣe nítorí ìwúwo.

Ó ní àléébù méjì. Kò le tó plywood bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí náà fáíbà tí ẹ máa fi bò ó gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Skúrù kì í sì í di inú rẹ̀ mú dáadáa, bóòtù tí ẹ bá fún jù sì lè tẹ inú rẹ̀ wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ sábẹ́ bóòtù ẹ́ńjìnnì. Owó rẹ̀ sábà máa ń ju ìlọ́po méjì owó plywood BS 1088 lọ, kí ẹ tó ka owó ọkọ̀ òkun. Àǹfààní kan ni pé wọ́n lè gé e sí ìwọ̀n tí ẹ nílò ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì kó o pọ̀ mọ́ ẹrù inú kọ̀ǹténà láìsí wàhálà.

Àdàlù tí à ń dà sínú

Seacast àti Arjay 6011, tí resin wà nínú wọn, wà lára wọn. Níbí, ẹ kì í gé fáíbà inú tàbí tòde. Láti òkè lẹ ti máa fi ayùn ẹ́ńjìnnì, dírílì gígùn àti ṣísẹ̀lì kó gbogbo igi tó rà jáde, kí àlàfo kù láàárín awọ fáíbà méjèèjì. Ẹ wá po àdàlù náà mọ́ catalyst (kẹ́míkà tó ń mú un le), kí ẹ dà á sínú rẹ̀, á sì dì bí òkúta. Ẹni tó bá kà á báyìí á rò pé òun ló rọrùn jù. Kíkó igi jáde yẹn ni iṣẹ́ gidi. Igi tútù tí ẹ bá fi sílẹ̀ nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni àdàlù kò ní lẹ̀ mọ́. Igi tí kò tíì rà náà ń le koko mọ́ fáíbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ha gbogbo rẹ̀ kúrò láìrí inú ibẹ̀ dáadáa. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi pákó ti awọ òde kó má baà wú síta nígbà tí ìwúwo àdàlù bá dé.

Awọ fáíbà méjèèjì gbọ́dọ̀ pé, kí wọ́n sì le. Tó bá ti sán tàbí tó fẹ́lẹ́, ọ̀nà yìí kò sí fún yín.

Fún àwa tó wà nílé, ìṣòro mìíràn tún wà. Resin máa ń gbaná, catalyst rẹ̀ sì wà lára àwọn kẹ́míkà eléwu tí ọkọ̀ òfuurufú kì í gbà sínú ẹrù èrò. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Houston kò lè kó o sínú àpótí wá. Ọkọ̀ òkun ló máa gbé e, pẹ̀lú ìwé ẹrù eléwu, iye tó sì máa ná yín lè kọjá owó ọjà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń gbé ní Florida tàbí Texas, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà yìí ti wúlò jù, pàápàá fún ọkọ̀ kékeré tí awọ fáíbà rẹ̀ ṣì dára.

Resin ló ṣe pàtàkì jù

Ibi tí mo fẹ́ kí owó yín lọ nìyí. Polyester, irú resin kan tí wọ́n ń tà ní Ọjọ́ta, kò wọ́n, ọwọ́ gbogbo oníṣẹ́ fáíbà sì ti mọ́ ọn. Wọ́n á sọ fún yín pé òun náà ni ilé iṣẹ́ fi kọ ọkọ̀ náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ṣe ti wọn nígbà tí fáíbà ṣì tutù, tí ìpele kan sì ń so pọ̀ mọ́ èkejì. Fáíbà tiyín ti le láti ọdún pípẹ́. Polyester kì í so pọ̀ mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ mọ́, ó kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára ni, ó sì máa ń sún kì bó ṣe ń le. Epoxy, irú resin mìíràn, kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì, ó sì ń di igi àti fáíbà àtijọ́ mú ju polyester lọ. Tí owó kò bá tó fún méjèèjì, ẹ ra plywood gidi pẹ̀lú epoxy dípò pátákó fóòmù pẹ̀lú polyester.

Kì í ṣe gbogbo epoxy. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe tábìlì àti ilẹ̀ 3D kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, pẹ̀lú hardener (kẹ́míkà tó ń mú epoxy le) tí kì í yára le nínú ooru. Nínú epoxy West System, hardener 209 ni wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru: resin 105 ìwọ̀n mẹ́ta sí 209 ìwọ̀n kan. Ìwọ̀n yẹn kò gbọdọ̀ yẹ̀. Fífi hardener kún un kì í mú kó tètè le bíi ti catalyst polyester. Ṣe ló máa ń sọ ọ́ di rọ̀bọ̀rọ̀bọ̀.

Ẹ má ra mátì fáíbà tí wọ́n ń lò pẹ̀lú polyester fún epoxy. Gọ́ọ̀mù tó di okùn mátì náà pọ̀ nílò styrene, kẹ́míkà inú polyester, kó tó yọ́, epoxy kò sì ní styrene. Aṣọ fáíbà tí wọ́n rán, bíi 1708, ni kí ẹ béèrè. Gelcoat, awọ òde tó ń dán lára ọkọ̀ fáíbà, náà kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ epoxy dáadáa, ọ̀dà polyurethane tí à ń po ohun méjì pọ̀ kó tó ṣeé lò ni kí ẹ fi parí ojú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ polyester lẹ máa lò nígbẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da accelerator (kẹ́míkà tó ń mú kí resin yára le) àti catalyst pọ̀ tààrà láé. Wọ́n lè bú gbàmù. Ẹ po accelerator mọ́ resin tán pátápátá kí catalyst tó wọlé, kí ẹ sì bo ojú yín: catalyst tó bá ta sójú lè fọ́ ọ.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ní ọ̀sà Èkó, tó sì fẹ́ kí iṣẹ́ parí kíákíá, plywood BS 1088 àti epoxy ni kó rà. Ẹni tó ní ọkọ̀ ńlá tó fẹ́ lò pẹ́, tó tún ní ẹni tó lè bá a fi kọ̀ǹténà ránṣẹ́, pátákó fóòmù yẹ fún un. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ojú bóòtù ni ẹ ti máa jèrè tàbí pàdánù owó yín. Ẹ lu ihò tó tóbi ju bóòtù lọ, ẹ fi epoxy tó ki dí i, kí ẹ tún wá lu ihò bóòtù gan-an láàárín rẹ̀. Bóòtù náà á wá máa gba inú epoxy kọjá, kò ní kan igi tàbí fóòmù, á sì jókòó sínú gọ́ọ̀mù ojú omi bíi Sikaflex. Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi skúrù kan nǹkan mọ́ ìdí ọkọ̀ nísàlẹ̀ ibi tí omi ń dé láìdí ihò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì ló dára jù fún iṣẹ́ náà, tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Kí wọ́n tó fa ayùn sí ohunkóhun, ẹ wọn gíga ìdí ọkọ̀, torí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì máa ń wà fún íǹṣì 15, 20 tàbí 25. Ẹ gé páálí tó bá pátákó àtijọ́ mu, kí ẹ kọ bó ṣe tẹ̀ sẹ́yìn sílẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ dígíríì 12 sí 14. Tí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì 2-stroke sí 4-stroke tó wúwo jù ú lọ, ẹ sọ fún oníṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó lè fi fáíbà kún àwọn igun.