Búlọ́ọ̀kù Ilẹ̀pa fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Ilé Tí Kì Í Mú Ooru: Ibi Tó Dára sí, Ibi Tó Kù sí

Búlọ́ọ̀kù tí à ń yẹ̀ wò níbí ni èyí tí wọ́n ń fi ilẹ̀pa àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ tẹ̀ nínú ẹ̀rọ, tó ní eteetí lókè àti kòtò nísàlẹ̀, tí ọ̀kan fi ń jókòó sínú èkejì láìsí mọ́tà láàárín wọn. Wọn kì í sun ún, nítorí náà kò sí igi tí a gé dáná nítorí rẹ̀. Ẹ̀rọ Hydraform láti South Africa wà lára èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń lò. NBRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe, tó ní ọgbà ìwádìí ní Ọ̀tà, ní ẹ̀rọ tirẹ̀ náà. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni kí búlọ́ọ̀kù fẹ̀ ní mìlímítà 220, kó gùn ní 230, kó ga ní 115. Ọ̀kan á wúwo tó kílò 11.

Ó tó rà, bí ilẹ̀pa bá wà nítòsí ilẹ̀ yín, tí ẹ bá ní sùúrù kí búlọ́ọ̀kù gbó, tí ẹ kò sì ní rẹ́ ògiri náà bò. Bí ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ lo búlọ́ọ̀kù oníyanrìn tí gbogbo ènìyàn ń lò, kí ẹ kó owó tó kù sórí òrùlé. Ibẹ̀ gan-an ni ooru ń gbà wọlé jù.

Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé ilé tí wọ́n bá fi kọ́ yóò tutù fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kún. Ògiri tó nípọn tó 220 mìlímítà, tí inú rẹ̀ kò sì ṣófo, kì í dá ooru dúró pátápátá. Ṣe ló ń fà á sẹ́yìn. Oòrùn tó pa ògiri ìwọ̀-oòrùn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán yóò yọ sínú yàrá ní alẹ́. Ní Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn lásìkò ọyẹ́, èyí dára, nítorí òru tutù, atẹ́gùn á sì fẹ́ ooru náà lọ. Ní Èkó, níbi tí òru pàápàá ti ń móoru tí afẹ́fẹ́ sì ń rin, ooru yẹn á bá yín lórí ibùsùn. Ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ amọ̀ nìkan: koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ẹnu òrùlé náà sì bò mọ́lẹ̀ débi pé oòrùn kì í fara kan ògiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yí i ká.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹlẹ́rọ tí yóò tẹ búlọ́ọ̀kù, ẹ kọ́kọ́ yanjú bí ilé yóò ṣe dúró lórí ilẹ̀. Oòrùn máa ń gba orí Ìbàdàn kọjá tààrà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ògiri tó kọjú sí àríwá àti gúúsù rọrùn láti fi ibòji bò: ẹnu òrùlé tó yọ síta ní 90 sẹ̀ǹtímítà ti tó fún ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló le, nítorí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ń gba abẹ́ òrùlé wọlé. Ẹ jẹ́ kí gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ kó ilé ìwẹ̀ àti yàrá ìkẹ́rùsí sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ má sì ṣí fèrèsé ńlá síbẹ̀. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ jù lọ́dọ̀ wa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá. Yàrá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde. Fèrèsé tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì ojú rẹ̀ lọ, èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn ń ṣí tán. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2017 lórí ilé tí kì í fi iná ṣòfò fẹ́ kí fèrèsé má ju ìdá 20 nínú 100 ògiri lọ, àyàfi tí ibòji tàbí gíláàsì tó ń dín ooru kù bá wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dára ni, kódà fún ilé oníyàrá méjì.

Lórí òrùlé, ẹ yan pánù tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ẹ ta bébà aláwọ̀ fàdákà sábẹ́ rẹ̀, kí àlàfo tó tó 25 mìlímítà ó kéré tán wà níwájú ojú tó ń dán. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pánù gbágbá, iṣẹ́ rẹ̀ parẹ́, nítorí àlàfo yẹn ló ń jẹ́ kó lè dá ooru padà. Ẹ ṣí ihò atẹ́gùn sábẹ́ ẹnu òrùlé àti sókè téńté, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí i.

Ilẹ̀pa ni ìdí iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù yìí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yẹ̀ wò. Ẹ ṣí ilẹ̀dú òkè kúrò títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ pupa tí kò ní gbòǹgbò. Ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì mú. Ẹ bu ilẹ̀pa sínú ìgò gbọọrọ dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á sùn sísàlẹ̀, erùpẹ̀ kíkúnná bí ẹ̀lúbọ́ á tẹ̀ lé e, amọ̀ á wà lókè. Erùpẹ̀ kíkúnná àti amọ̀ lápapọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 15 sí 35 nínú 100. Bí amọ̀ bá kéré jù, búlọ́ọ̀kù tútù á máa fọ́ lọ́wọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, á sán bó bá gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò sísúnkì. Ẹ kan àpótí pákó tí inú rẹ̀ gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 4, tó jìn ní 4. Ẹ fi epo pa inú rẹ̀, ẹ ki ilẹ̀pa tútù kún un ṣinṣin, ẹ gbé e sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí sí ibòji fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ti èyí tó gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ wọn àlàfo tó kù. Tí kò bá ju mìlímítà 15, òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí ilẹ̀pa 18 ti tó. Láti 15 dé 30, ilẹ̀pa 16. Láti 30 dé 45, ilẹ̀pa 14. Láti 45 dé 60, ilẹ̀pa 12. Bó bá kọjá 60, ẹ po iyanrìn mọ́ ọn, kí ẹ tún un dán wò. Oníṣẹ́ tó bá dárúkọ iye sìmẹ́ǹtì kó tó fojú kan ilẹ̀pa yín, àròsọ ló ń sọ.

Iye sìmẹ́ǹtì yìí ló ń pinnu bóyá búlọ́ọ̀kù náà ń dín nǹkan kù rárá. Mítà kan níbùú lóròó ògiri ń gba búlọ́ọ̀kù bíi 38, èyí tó wúwo ní nǹkan bí kílò 420. Bí sìmẹ́ǹtì bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, kílò 21 ló wọnú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá 8, ó tó kílò 33. Búlọ́ọ̀kù oníyanrìn onínṣì mẹ́sàn-án ń gba mẹ́wàá fún ìwọ̀n ògiri kan náà. Tí wọ́n bá ń tẹ 30 nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 17 nìyẹn. Ẹ fi bíi 8 kún un fún mọ́tà, bíi 11 fún rírẹ́ tinú-tòde, gbogbo rẹ̀ á tó 36. Ẹ rí i pé àìrẹ́ ògiri àti àìlo mọ́tà ni èrè wà. Ẹni tó lo ìdá 8, tó tún rẹ́ ẹ tinú-tòde, ti jẹ sìmẹ́ǹtì ju ẹni tó lo búlọ́ọ̀kù oníyanrìn lọ. Ibi tí owó máa ń sọnù sí jù nìyí: onílé wo ògiri pupa, ó ní kò tíì parí, ó pe àwọn tó ń rẹ́lé.

Nígbà títẹ̀, ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 10 sẹ́ ilẹ̀pa. Ẹ po sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn ní gbígbẹ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dọ́gba, kí ẹ tó wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀. Láti mọ̀ bóyá omi tó, ẹ fọwọ́ dì í, kí ẹ jẹ́ kó jábọ́ láti gíga mítà kan. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó pé. Bó bá dà sílẹ̀ bí iyẹ̀fun, ó gbẹ jù. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìfọ́, omi ti pọ̀ jù. Èyí tí ẹ bá ti po omi mọ́ gbọ́dọ̀ tán nínú wákàtí kan. Àwọn òṣìṣẹ́ kan máa ń po òkìtì ńlá láàárọ̀ tí wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀sán. Búlọ́ọ̀kù ọ̀sán yẹn kò lè lágbára bíi ti àárọ̀, ojú kò sì lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè dá dúró lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ fi ọ̀rá bò ó lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má ṣe tò ó ju ìpele márùn-ún lọ, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kó sì pé ọjọ́ 28 kí ẹ tó fi mọlé. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kìíní ni ó dára jù láti tẹ̀ ẹ́, nítorí ilẹ̀pa gbẹ, ó rọrùn láti sẹ́. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń fa omi inú búlọ́ọ̀kù jáde kíákíá, sìmẹ́ǹtì kò sì ní rí omi tó máa fi le. Èyí tí wọn kò bò á dà bí èyí tó dára títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ etí rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ, ẹ mú díẹ̀ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú òkìtì, kí ẹ ri wọ́n sínú omi fún wákàtí 24. Etí tó bá ń yọ́ kò gbó. Fún agbára gan-an, NBRRI dámọ̀ràn niutonu 1.65 fún mìlímítà kan níbùú lóròó, ó kéré tán. Yàrá ìdánwò ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé àti ọ̀nà (civil engineering) ní yunifásítì lè wọ̀n ọ́n fún yín. Kí wọ́n fi èyí tí wọ́n rì sómi dán an wò, nítorí búlọ́ọ̀kù ilẹ̀pa tútù lè pàdánù tó ìdajì agbára èyí tó gbẹ. Ẹ wọn gíga wọn náà. Kò sí mọ́tà tí yóò bo àléébù: ògiri mítà 2.7 jẹ́ ìlà bíi 23, mìlímítà kan péré tó ṣẹ́ kù lórí ìlà kọ̀ọ̀kan á di sẹ̀ǹtímítà méjì lé díẹ̀ lókè, òrùlé á sì jókòó ní wíwọ́.

Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán ilé mọ ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù kó tó fa ìlà kankan. Fèrèsé tó fẹ̀ ní mìlímítà 1200 kò bá 230 mu; 1150 tàbí 1380 ló bá a mu. Ìlà 18 jẹ́ 2070, kò gba ilẹ̀kùn 2100, nítorí náà orí ìlà 19 ni lẹ́ńtù, ìyẹn ìtì kọnkéré tó ń bo orí ilẹ̀kùn, yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ra férémù sílẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán á máa gé búlọ́ọ̀kù lójoojúmọ́.

Ìpìlẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ilẹ̀pa. Ẹ fi kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù oníyanrìn ṣe é dé jámánì fúlọ̀, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré tó bo ìpìlẹ̀, kí ó ga ju ilẹ̀ lọ ní 30 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, nítorí òjò tó ń ta sókè láti ilẹ̀ ló ń jẹ ìdí ògiri. Ẹ tẹ́ ọ̀rá DPC, èyí tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gòkè sínú ògiri, kí ẹ fi mọ́tà jókòó ìlà àkọ́kọ́ kó tẹ́jú rẹ́gí. Bí ìlà yìí bá wọ́, gbogbo ògiri wọ́. Ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin tó kẹ́yìn lókè tún gba mọ́tà, kí ọ̀já kọnkéré onírin tó yí ilé ká tẹ̀ lé e, kí ẹ sì ti ri irin tí yóò di òrùlé mú sínú rẹ̀. Ojú ìpàdé tó wà nínú ilé, ẹ fi sìmẹ́ǹtì ṣíṣàn dí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eèrà àti aáyán á sọ ọ́ di ọ̀nà. Kí oníná wá sàmì sí gbogbo ojú iṣẹ́ rẹ̀ kí ògiri tó gòkè, kó sì fi ẹ̀rọ gé ọ̀nà wáyà. Òòlù àti kíséèlì ń mi ògiri tí kò ní mọ́tà. Páìpù omi kò gbọdọ̀ gba inú rẹ̀ rárá.

Fún ilé oníyàrá mẹ́ta tó fẹ̀ ní mítà 10, tó gùn ní 12, ògiri tòde àti tinú, lẹ́yìn tí ẹ bá yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn, á tó 170 mítà níbùú lóròó. Ẹ tẹ búlọ́ọ̀kù 6,800, kí tìpà 20 tọ́ọ̀nù gbé ilẹ̀pa wá ní ìgbà mẹ́rin sí márùn-ún, kí ẹ sì ra sìmẹ́ǹtì àpò 90 bí ó bá jẹ́ ìdá 6. Bí ẹ bá lo búlọ́ọ̀kù tó fẹ̀ ní 140 fún ògiri inú, iye yìí á dín.

Ní Lẹ́kkí tàbí Àjà, ẹ rò ó dáadáa. Iyanrìn ló wà níbẹ̀, ilẹ̀pa á ti ọ̀nà jíjìn wá, epo ọkọ̀ á sì jẹ èrè náà. Ògiri yìí tún fi nǹkan bí 170 kílò wúwo ju ti búlọ́ọ̀kù oníyanrìn lọ lórí mítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóròó, èyí tí ilẹ̀ àbàtà yóò gbà lọ́wọ́ yín nígbà ìpìlẹ̀.

Nínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹlẹ́rọ, ẹ kọ ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì, ẹni tí yóò máa wọ́n omi, àti ẹni tí yóò san owó èyí tó bá fọ́. Ẹ dá díẹ̀ nínú owó rẹ̀ dúró di ọjọ́ 28, lẹ́yìn ìdánwò omi. Kó tẹ 100 lé e, kí ẹ kó o pamọ́ sábẹ́ ibòji: àwọ̀ ilẹ̀pa ń yàtọ̀ láti kòtò kan sí èkejì, èyí tí ẹ bá sì tẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún láti fi tún ògiri ṣe kò ní bá ti àkọ́kọ́ mu.