Pannellum, Photo Sphere Viewer àbí Marzipano: èwo ló yẹ fún fọ́tò panorama yín?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke n'Ìlọrin tàbí ilé títà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Irinṣẹ́ mẹ́ta ni wọ̀nyí, tí a fi ń gbé fọ́tò panorama (fọ́tò tó yí ká) sórí ìkànnì, kí òǹwòran lè máa yí i wò nínú bráwúsà. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kóòdù wọn wà ní gbangba, wọ́n sì gbà kí a fi wọ́n ṣiṣẹ́ owó: MIT ni àṣẹ Pannellum àti Photo Sphere Viewer, Apache 2.0 ni ti Marzipano. Àwọn ìkànnì tó ń gba dọ́là lóṣooṣù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo lo ọ̀kan rí. Nígbà tí káàdì báńkì mi kò san dọ́là mọ́, gbogbo líǹkì tí mo ti fún àwọn oníbàárà kò ṣí mọ́. Èmi ni mo ya fọ́tò, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ti kóòdù, Pannellum ló fúyẹ́ jù: fáìlì JavaScript kan, CSS kan, ó parí. Photo Sphere Viewer dúró lórí Three.js (àkójọ kóòdù fún àwòrán 3D), nítorí náà ó wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun ló rẹwà jù, àfikún rẹ̀ sì pọ̀. Marzipano ní irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Marzipano Tool. Màá padà sí i.

Ibi tí owó àti sùúrù mi lọ sí ni bí fọ́tò ńlá ṣe ń wọ fóònù kékeré. Àlàájì kan tó ní gbọ̀ngàn níbí gbé iṣẹ́ fún mi. Lórí láptọ́ọ̀pù mi, gbogbo ẹ̀ ń dán. Ó fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ìdílé ìyàwó tó ń bọ̀ láti Èkó, nígbà tó di alẹ́ ó pè mí: "Oní-fọ́tò, wọ́n ní dúdú ni wọ́n ń rí o. Wọ́n ní ṣé wọ́n mú iná gbọ̀ngàn mi lọ ni?"

Fọ́tò náà fẹ̀ ní píkísẹ́lì 8192, ó ga ní 4096. Bí JPEG rẹ̀ ṣe kéré tó lórí díìsìkì kò já mọ́ nǹkan kan, torí tí fóònù bá ti tú u, báìtì 4 ni píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ìyẹn ju mílíọ̀nù 134 báìtì lọ fún fọ́tò kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́ kò lè gba àwòrán tó fẹ̀ ju 4096 lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú WebGL, ohun tí bráwúsà fi ń ya àwòrán báyìí. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀, Pannellum á pín in sí méjì; tí ìdajì kan bá ṣì tóbi ju ohun tí fóònù gbà lọ, á sọ pé fọ́tò náà ti tóbi jù. Photo Sphere Viewer á rọra dín in kù kí ó lè wọlé. Ó dára, àmọ́ odindi fáìlì náà ti wọlé kó tó dín in kù, dátà ti lọ.

Ohun tó wo àrùn yìí ni kí a gé fọ́tò sí wẹ́wẹ́, kí fóònù máa gba kìkì ibi tí ojú ń wò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè ṣe é, ẹ kàn bi ara yín pé ta ló máa gé e. Pannellum ní generate.py, tó fẹ́ Python àti nona tó wà nínú Hugin (ètò tí a fi ń so fọ́tò pọ̀ di panorama). Lórí Linux kò le, lórí Windows ẹ máa gbàdúrà. Ti Photo Sphere Viewer, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa fi ImageMagick (ètò tí a fi ń gé àwòrán) gé e, kí ẹ sì kọ iye ìlà àti òpó rẹ̀ sínú kóòdù.

Marzipano Tool ńkọ́? Ẹ fa fọ́tò sínú bráwúsà, òun fúnra rẹ̀ á gé e lórí kọ̀ǹpútà yín láìgbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, á sì fún yín ní zip. Ó ń sọ fọ́tò di ojú mẹ́fà. Tí ojú kan bá fẹ̀ ní 2048, tí a gé e ní 512-512, ègé 16 ló máa jẹ́, 96 fún ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ni òǹwòran máa gbà. Èyí tó rí bàìbàì ló ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà á mọ́ kedere. Ègé wọ̀nyí pọ̀ gan-an, nítorí náà ẹ gbé zip náà lọ sórí sáfà lódindi, kí ẹ tú u níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nẹ́tíwọọ̀kì wa yìí, ilẹ̀ á mọ́ bá a.

Ìsopọ̀ yàrá sí yàrá: gbogbo wọn ń ṣe é, Photo Sphere Viewer ló rẹwà jù, Marzipano Tool ni ẹ kàn ń fi máòsì tẹ̀.

Fọ́tò tí kò yí ká tán, bí èyí tí ẹ fi fóònù yà lórí òkè Sobi: Pannellum ló yá jù. Ẹ kọ haov (bí fọ́tò ṣe fẹ̀ tó ní ìwọ̀n igun) àti vaov (bí ó ṣe ga tó) sí i, ó tán. Marzipano Tool ń retí fọ́tò tó yí ká pátápátá.

Awò VR: irinṣẹ́ mìíràn ni ẹ máa lò, A-Frame. Kò tíì sí oníbàárà tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní Ìlọrin.

Ohun kan kan gbogbo wọn: ẹ má retí pé tí ẹ bá tẹ index.html lẹ́ẹ̀mejì lórí kọ̀ǹpútà yín, yóò ṣí. Bráwúsà kì í sábà gbà á. Ẹ wọ inú fódà náà, kí ẹ kọ python3 -m http.server, kí ẹ wá ṣí localhost:8000.

Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ẹni tó mọ kóòdù dáadáa, tí oníbàárà rẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà wo nǹkan, kó mú Photo Sphere Viewer. Ẹni tó ní fọ́tò kan péré láti fi sínú ojú ewé kan, kó mú Pannellum. Ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣí líǹkì láti WhatsApp pẹ̀lú dátà tí wọ́n ń ṣọ́ lò, kó kọ́kọ́ gbìyànjú Marzipano Tool. Àwọn yẹn ni gbogbo oníbàárà tèmi. Tí ẹ bá gbàgbé láti yí orúkọ yàrá padà kí ẹ tó gba zip, ẹ má tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ ṣí data.js àti index.html, inú méjèèjì ni orúkọ wọn wà. Ẹ fi UTF-8 pa wọ́n mọ́, kí àmì ohùn má bàa dà rú.