Virtual Record Treasury of Ireland: ìkànnì tó ń ṣa eérú Dublin jọ

Ọ̀fẹ́ ni virtualtreasury.ie, ìkànnì tó ń kó ẹ̀dà àwọn ìwé Ireland tó jóná jọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, ẹ kò sì ní láti forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Trinity College Dublin ló ṣáájú iṣẹ́ náà, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹfà 2022, nígbà tó pé 100 ọdún tí ogun abẹ́lé Ireland jó ilé ìpamọ́ ìwé orílẹ̀-èdè náà. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láti wá ìran rẹ̀ láìmọ ohun tó jó yóò fi ọwọ́ òfo jáde.

Létí odò Liffey ni Four Courts wà, ilé ẹjọ́ ńlá Dublin. Inú ọgbà kan náà ni Public Record Office, ilé ìpamọ́ ìwé náà, wà. Ní oṣù kẹrin 1922, àwọn ọmọ ogun tó lòdì sí àdéhùn tí wọ́n bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba ọgbà náà. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, ìjọba tuntun tí Michael Collins ń darí yá àgbá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń yìn ín lù wọ́n. Ní ọjọ́ 30, ohun ìjà tí wọ́n kó sínú ọgbà bú gbàmù, iná ran ìwé, bébà tó jó lábọ̀ sì ń já bọ́ káàkiri ìgboro.

Ìwé ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851 bá a lọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Èyí tó ń dunni jù ni ti 1851. Láàárín 1841 sí 1851 ni ìyàn ńlá mú Ireland, nígbà tí pòtétò jẹrà nínú ilẹ̀: iye ènìyàn já láti mílíọ̀nù 8.2 sí mílíọ̀nù 6.6. Fọ́ọ̀mù 1851 sì ní àyè tí olórí ilé ti ń to àwọn ará ilé tó kú láti 1841: orúkọ, ọjọ́ orí, ohun tó pa wọ́n, ọdún tí wọ́n kú. Àwọn òkú ìyàn náà ní orúkọ, láti ilé dé ilé, láti abúlé dé abúlé. Ìwé yẹn ló jó. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ireland tó wà ní Amẹ́ríkà lónìí fi lè mọ̀ pé ìyàn ló lé ìdílé òun kúrò nílé, tí kò sì ní mọ àwọn tí wọ́n sin kí wọ́n tó wọkọ̀ ojú omi.

Àmọ́ ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru iná. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ba ìwé 1861 àti 1871 jẹ́, wọ́n sì lọ ti 1881 àti 1891 kúnná nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Kò sí ìdí láti wá wọn níbí.

Ní 1919, Herbert Wood tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìpamọ́ náà tẹ ìwé kan tó to gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé yẹn làwọn oníṣẹ́ ìkànnì yìí fi mọ ohun tó nù, tí wọ́n wá ń wá ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri ilé ìpamọ́ mìíràn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀nà nìyí: kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ bá rí lórí ìkànnì náà ló ní ìwé lẹ́yìn. Òmíràn jẹ́ àpèjúwe ohun tó jó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ wo Inventory of Loss and Survival, kí ẹ mọ èyí tó ṣẹ́ kù.

Ẹ má fi orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ibi ni kí ẹ fi wá a: ìpínlẹ̀ (county), lẹ́yìn náà ìjọ (parish). Ẹ dán oríṣi sípẹ́lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò, kí ẹ sì yọ O' àti Mac kúrò lára orúkọ, nítorí àwọn akọ̀wé ìgbà yẹn kì í sábà kọ ọ́. Ẹ̀rọ ló ka púpọ̀ nínú ìwé àfọwọ́kọ náà, ó sì máa ń ṣi lẹ́tà kà. Ẹ fi ojú ara yín wo àwòrán ìwé kí ẹ tó gbà á gbọ́. Àwòrán inú ilé ìpamọ́ tó jó, tí wọ́n tún kọ́ sórí kọ̀ǹpútà, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ dátà.

Ẹni tó ń wá ìwé àwọn onílẹ̀ àti ìwé ìjọba àtijọ́ ni ìkànnì yìí ṣe lóore jù. Ẹni tó ń wá tálákà àgbẹ̀ ìjọ Àgùdà, kí ó lọ sí registers.nli.ie, ìkànnì National Library of Ireland: inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ìwé ìrìbọmi wọn wà, iná kò débẹ̀. Àwọn ìjọ Church of Ireland (Áńgílíkà ti Ireland) tó gbọ́ràn, tó kó ìwé wọn lọ sí Dublin fún ìpamọ́, àwọn ló pàdánù.

Nǹkan kan tún wà lórí ìkànnì National Archives ti Ireland tí ọ̀pọ̀ kì í wò: census search forms, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi wá ọjọ́ orí arúgbó nínú ìwé ìkànìyàn. Ní 1909 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí san owó tó lè tó ṣílè 5 lọ́sẹ̀ fún aláìní tó ti pé 70 ọdún. Ọ̀pọ̀ arúgbó kò ní ìwé ọjọ́ ìbí tí wọ́n lè fi jẹ́rìí ọjọ́ orí wọn, nítorí 1864 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìbí gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ òbí àti abúlé wọn sí fọ́ọ̀mù, akọ̀wé sì lọ yẹ ìwé 1841 tàbí 1851 wò, ó kọ ohun tó rí. Ìwé tó yẹ̀ wò ti jó, fọ́ọ̀mù wà. Bó bá jẹ́ obìnrin lẹ ń wá, orúkọ bàbá rẹ̀ ni kí ẹ fi wá a, nítorí ọmọdé ló jẹ́ nígbà ìkànìyàn náà. Bí akọ̀wé bá sì kọ ọ́ pé òun kò rí i, ẹ má ṣe pa á tì: orúkọ ìyá àti bàbá tí arúgbó náà sọ ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù.