Júdò ni mo padà mú: ibi mẹ́rin tí mo fowó ara mi dán wò n'Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti tó ẹni márùn-ún tó bi mí nípa ìjà tí mò ń kọ́ yìí, pé ṣé kàráátè ni àbí kí ni, pé èwo làwọn náà lè kọ́, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan. Ẹnì kankan ò fún mi ní kọ́bọ̀ láti kọ ọ́.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ rèé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Challenge, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń tilẹ̀kùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti mú iná lọ, ọkùnrin kan kàn yọ látẹ̀yìn kọ̀ǹténà tó wà ní kọ̀rọ̀, ó di apá mi mú gírígírí. Mo fẹ́ pariwo, ohùn ò jáde. Mo fẹ́ já ara mi gbà, ẹsẹ̀ ò gbé. Iná Márúwá tó ń bọ̀ lókèèrè ló lé e lọ. Kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ mi, àmọ́ fún bí oṣù kan, tẹ́nì kan bá ṣèèṣì fọwọ́ kàn mí lápá lọ́jà, àyà mi á já.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn máa fi kọ́ obìnrin bó ṣe lè gba ara ẹ̀, ₦40,000. Wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ki ìka bọ ojú èèyàn, bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọrùn ọwọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ là ń ṣe gbogbo ẹ̀ sí, tó bá sì jẹ́ èèyàn ló dúró níwájú ẹ, òun náà ti mọ nǹkan tó o fẹ́ ṣe, á kàn dẹ ara sílẹ̀ fún ẹ ni, á tún ṣubú bí ẹni pé o lágbára. Inú mi ń dùn. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún mo sọ fún àbúrò mi ọkùnrin nílé pé, "Di ọwọ́ mi mú bíi tolè gidi, má ṣàánú mi." Ó dì í mú. Mo lọ́ ọ síhìn-ín, mo fà á sọ́hùn-ún, ọwọ́ ò kúrò. Ó kàn dúró ó ń wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?" Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Nígbà tí a parí, wọ́n ní kí n mú ₦15,000 wá fún bẹ́líìtì. Mi ò padà lọ.

Látibẹ̀ mo bọ́ sí Taekwondo. Ibẹ̀ dáa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Kòríà ni wọ́n ti gbé e wá, ọdún 2000 ló wọ Òlíńpíìkì gidi, Chika Chukwumerije tiwa náà sì gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ níbẹ̀ ní Beijing lọ́dún 2008. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jà jù, ẹsẹ̀ tó bá ba orí máa ń gba pọ́ìntì ju èyí tó ba àyà lọ, wọn kì í sì í gbà kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ara wọn lójú. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ibẹ̀ ló ṣì wà títí dòní, ara ẹ̀ ti le dáadáa. Àmọ́ èmi tí mò ń ró ìró lọ ṣọ́ọ̀bù, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀ dé orí ẹnì kan? Ẹni tó sì ti di apá mi mú, ó ti sún mọ́ mi ju kí n ráyè gbé ẹsẹ̀ lọ.

Mo tún ṣe oṣù méjì níbi tí wọ́n ti ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ ò nírọ́ nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ nǹkan tó máa tètè wúlò, tẹ́ ò sì kọ̀ kí wọ́n gbá yín lójú, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ má sì sọ pé ẹ ti dàgbà jù, Anthony Joshua tí orírun ẹ̀ jẹ́ Ṣàgámù, ọmọ ọdún 18 ló tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó máa fi di 2012 ó ti gba wúrà Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ orí ló lé mi. Ìgbà kẹta tí a gbá ara wa, orí fọ́ mi títí di ọjọ́ kejì, ẹni tó ń wọn oògùn fún aláìsàn ò sì lè máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Júdò ló wá kàn. Kọ́sítọ́mà mi kan ló mú mi lọ, inú gbọ̀ngàn iléèwé kan ni, fóòmù ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi tapólì bò. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣíṣubú ni wọ́n kọ́ mi. O máa fi àgbọ̀n lé àyà kí orí má baà gbá ilẹ̀, o máa mí jáde, o máa fi gbogbo apá ẹ gbá fóòmù pàà lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ̀yìn ẹ bá ń kàn án, o ò gbọdọ̀ na ọwọ́ sílẹ̀ láti fi gba ara ẹ dúró torí ọrùn ọwọ́ ló máa dá.

Kóòṣì sọ fún wa pé Jigoro Kano, tíṣà kan ní Japan, ló dá júdò sílẹ̀ ní 1882. Inú ìjà àtijọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní jujutsu ló ti yọ ọ́, ó wá mú àwọn tó lè ṣeni léṣe jù kúrò nínú ìdánrawò, kí èèyàn lè fi gbogbo agbára ẹ̀ jà láìba ẹnì kejì jẹ́. Ẹ dákun ẹ tún ibẹ̀ kà, torí òun gan-an lọ̀rọ̀ mi. Ìka tí wọ́n ní ká máa ki bọ ojú lọ́jọ́sí, ta ló máa ki í bọ ojú ọ̀rẹ́ ẹ̀ gidi? Kò sẹ́ni tó ti ṣe é rí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ gbígbé èèyàn lulẹ̀, a lè ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú, pẹ̀lú ẹni tí ò fẹ́ ká gbé òun.

Randori ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ọmọ JSS3 kan ni wọ́n fún mi, ọmọbìnrin tín-ín-rín, ó kí mi "Ẹ kúṣẹ́ mà," ó di kọ́là mi àti apá aṣọ mi mú, mo ṣì ń ronú ibi tí màá ki ẹsẹ̀ sí, sílíǹgì ni mo rí. Ó fà mí dìde, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Ẹ̀ẹ̀mẹta. Àmọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ tó dì mí mú ò bà mí lẹ́rù mọ́. Èmi tí àyà mi ń já tí wọ́n bá fọwọ́ kàn mí lápá!

Bàbá mi wo fídíò wa lórí fóònù, wọ́n ní, "Ṣebí gídígbò nìyí, aṣọ funfun ni wọ́n kàn wọ̀ sí i." Wọn ò jẹ̀bi, torí nínú júdò náà, tó o bá fi agbára àti ìyára gbé èèyàn tí ẹ̀yìn ẹ̀ balẹ̀ pátápátá, ìjà parí, ippon nìyẹn, tó o bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, ó parí náà. Aṣọ yẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n yàn án, torí aṣọ là ń wọ̀ kiri ìgboro, olè náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tó pé oṣù méje, mo tún pe àbúrò mi, a tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì méjì. Ó di apá mi mú. Mi ò bá a fa ọwọ́ rárá, mo sún mọ́ ọn, mo di kọ́là ẹ̀ mú, mo tì í títí tí gbogbo ìwúwo ẹ̀ fi bọ́ sórí gìgísẹ̀ ọ̀tún, mo wá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún mi gbá tiẹ̀ látẹ̀yìn. O-soto-gari lorúkọ ẹ̀. Ó lọ gbalaja.

Mi ò tíì bá olè pàdé látìgbà náà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ibi tí júdò ti gbà mí, òjò ló fà á. Mo ń gbé páálí oògùn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ń yọ̀, ẹsẹ̀ mi fò. Kí n tó mọ̀, àgbọ̀n mi ti wà láyà, apá mi ti gbá ilẹ̀ pàà. Ìgúnpá mi bó, orí mi ò kan sìmẹ́ńtì.

Ó ní ibi tó kù sí o. Wọn kì í kọ́ni bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀ṣẹ́. Ìka máa ń wú látara aṣọ tí à ń dì mú. Fóòmù wa ti pẹ́, ó ti rì láàárín, mo ti sọ fún Kóòṣì lẹ́ẹ̀mejì. ₦12,000 là ń san lóṣù, aṣọ ẹ̀ wọ́n, nínú bọ́síkọ́rọ̀ ni mo ti rí tèmi ní ₦18,000. Tó bá sì jẹ́ ọ̀bẹ tàbí ìbọn ló wà lọ́wọ́ olè, ẹ gbé báàgì fún un, tí àyè bá wà kẹ́ ẹ sá, ẹ sá, Kóòṣì fúnra ẹ̀ kì í yé sọ ọ́.

Júdò kọ́ ni dandan fún yín. Ibi yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ jókòó wò wọ́n fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ń gbìyànjú láti borí ẹnì kejì, tẹ́nì kejì sì ń kọ̀ fún un. Tẹ́ ò bá rí ìyẹn títí wọ́n fi ṣíwọ́, ẹ dìde.

Túsídeè àti Tọ́sídeè la máa ń ṣe tiwa. Ọmọ JSS3 yẹn ti wọ SS1 báyìí, ó ṣì ń gbé mi lulẹ̀, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pẹ́ kó tó rí mi gbé.