Zenit-E: kámẹ́rà Rọ́ṣíà tí ò nílò bátìrì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó kámẹ́rà àtijọ́ jọ, ẹ má fojú fo Zenit-E o. Ọdún 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Krasnogorsk, ìlú kan nítòsí Moscow, irin gidi ni, ó wúwo gan-an, kò sì lo bátìrì rárá torí selenium, èròjà kan tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, ló fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Àmọ́ selenium yẹn máa ń kú tó bá ti pẹ́, torí náà ẹ gbé e sínú oòrùn kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá abẹ́rẹ́ tó ń fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ hàn ń mira. Èyí tó bá ní lẹ́ńsì Helios 44-2 ni kẹ́ ẹ mú, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹ ṣí i dé f/2, ìyẹn ibi tó ṣí sílẹ̀ jù, kẹ́ ẹ wá wo bí ẹ̀yìn fọ́tò ṣe máa ń yí bí omi tí wọ́n rò! Ojúhò tá a fi ń wòran ló ṣókùnkùn jù fún mi.