Ẹ̀ka X-ray àti síkáànì yín: OpenEMR, Bahmni àbí GNU Health?

Tí wọ́n bá wá ta sọ́fítíwíà ilé ìwòsàn fún yín l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, ẹ má wo bó ṣe ń dán lójú kọ̀ǹpútà jàre. Ẹ ní kí wọ́n mú aláìsàn kan ṣoṣo, kí dókítà kọ X-ray orúnkún fún un, kí káṣíà gbowó, kí wọ́n fún un lásìkò, kórúkọ ẹ̀ yọ lójú ẹ̀rọ X-ray fúnra ẹ̀, kí èsì wá padà sínú fáìlì ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti tún orúkọ yẹn tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ ni wàhálà yín máa ti bẹ̀rẹ̀. Níbì kan tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ orúkọ sẹ́rọ, ìyá méjì tórúkọ wọn jọra wá lọ́jọ́ kan náà, èyí tó ṣubú lọ́jà Takie tó fọwọ́ dá gba èsì àyà, èyí tó ń wúkọ́ gba tọwọ́. Ọlọ́run ló yọ wá.

Sọ́fítíwíà ilé ìwòsàn mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: OpenEMR, Bahmni àti GNU Health. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, owó ẹni tó máa gbé e kalẹ̀ àti ẹni tẹ́ ẹ máa pè tó bá kọṣẹ́ lóru lẹ máa san.

OpenEMR ló fúyẹ́ jù, èdè kọ̀ǹpútà PHP àti dátábéèsì MySQL ló fi ń ṣiṣẹ́, ọmọ LAUTECH tó mọ wẹ́bsáìtì ṣe dáadáa lè gbé e dìde. Kàlẹ́ńdà ẹ̀ dáa, ẹ kàn máa ya irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó ń gbà. Ètò owó gbígbà ni ìṣòro ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ní lọ́kàn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn tán kí wọ́n tó kọ bíìlì sí ìnṣọ́ránsì, tí wọ́n sì ń lo kóòdù CPT tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan mọ̀, lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́, "ẹ lọ sanwó kẹ́ ẹ mú rìsíìtì wá" ni. Ẹ máa fọwọ́ ara yín dá kóòdù àti iye náírà sí i. Fún àwòrán, ẹ gbé Orthanc, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú àwòrán X-ray àti síkáànì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ilé ìwòsàn yunifásítì Liège ní Belgium ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lè fi orúkọ ránṣẹ́ sẹ́rọ X-ray, àmọ́ inú fódà kan ló ti ń kà á, ẹnì kan ní láti kọ prógíráàmù kékeré tó máa gbé orúkọ láti OpenEMR débẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá bi léèrè èyí tó bá ń wòkè, ẹ wá ẹlòmíì.

Bahmni ni tèmi tílé ìwòsàn bá tóbi. Ganiyari ní Íńdíà ló ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin ni wọ́n so pọ̀ nínú ẹ̀: OpenMRS fún fáìlì, OpenELIS fún láàbù, Odoo fún owó, dcm4chee fún àwòrán. Dókítà tẹ X-ray lẹ́ẹ̀kan, ó dé ọ̀dọ̀ Odoo, ó dé ọ̀dọ̀ dcm4chee. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn méjèèjì ń gbà á, àwòrán ò dúró de káṣíà, ẹni tí ò tíì sanwó lè yọ lójú ẹ̀rọ, ẹ ní kí wọ́n dí i kẹ́ ẹ tó gbà á. Ti àsìkò ló wù mí jù, ẹ máa kọ iye ìṣẹ́jú àti iye èèyàn tí wọn ò gbọdọ̀ kọjá. Èyí ṣe pàtàkì fún síkáànì abẹ́ ikùn, torí ìtọ̀ ní láti kún inú kí wọ́n tó yà á. Ìyá kan wá láti Orílé-Igbọ́n, ó ti mu omi yó, wọ́n ní èèyàn mẹ́fà ṣì wà níwájú ẹ̀. Mo ní "Mà, ẹ ní sùúrù," ó ní "Ọmọ mi, ìtọ̀ ò mọ sùúrù o." Ó lọ tọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ omi. Ṣùgbọ́n tí RAM (ìrántí) sáfà yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà yìí máa wà lórí ẹ̀, ò tó 8GB, ẹ má dán Bahmni wò.

GNU Health náà dáa, sọ́fítíwíà ìṣòwò Tryton àti dátábéèsì PostgreSQL ló wà nídìí ẹ̀, ìwé owó ẹ̀ gún régé, ẹ̀ka àwòrán wà nínú ẹ̀. Àmọ́ n ò rí ẹni tó mọ Tryton ládùúgbò yìí, mo fi í sílẹ̀.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, orí bíìlì lẹ ti máa mọ ọlọgbọ́n. Ṣé orúnkún méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan ni àbí ẹ̀ẹ̀mejì? Fíìmù ńkọ́, CD ńkọ́, oògùn tí wọ́n ń fún èèyàn kí àwòrán lè hàn? Ẹ dá ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń lo HMO (ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ìlera) lábẹ́ NHIA ti ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ti OYSHIA, ìnṣọ́ránsì ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ fún wọn ní ìdíyelé tiwọn kẹ́ ẹ sì ní àyè tí wọ́n máa kọ kóòdù ìyọ̀ǹda sí, tí àyè yẹn bá ṣófo kí sọ́fítíwíà má jẹ́ kó kọjá, torí owó tí HMO bá kọ̀ láti san, àpò yín ló ti ń jáde. Odoo ń ṣe ìdíyelé oríṣiríṣi dáadáa, OpenEMR náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó máa gba àlàyé.

Ohun tó ń dá àwọn tó ń gbé e kalẹ̀ dúró jù ni AE Title, ìyẹn orúkọ tí ẹ̀rọ X-ray àti sáfà fi ń dá ara wọn mọ̀, kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 16 lọ, òun, IP (àdírẹ́sì ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé) sì gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Lẹ́tà ńlá kan tó di kékeré ti gba odidi ọjọ́ lọ́wọ́ mi rí.

Ẹ̀rọ X-ray kan, síkáànì kan: OpenEMR pẹ̀lú Orthanc ti tó. Tẹ́ ẹ bá ní wọ́ọ̀dù àti láàbù, Bahmni, kẹ́ ẹ ra ínfátà tó lágbára torí IBEDC. Kẹ́ ẹ tó san owó tó kù, ẹ gba pásíwọ́ọ̀dù sáfà àti ti dátábéèsì, ẹ dán an wò lójú ẹni tó gbé e kalẹ̀ kó tó wọ mọ́tò.